Ẹ Fẹ́ Yọ̀ǹda Ara Yín ní Ọsibítù? Ohun Tí Ẹ Máa Bá Níbẹ̀ Rèé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dánfó tí ẹ ò mú íápíìsì dání, àti ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti ń fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí wa: "Mo fẹ́ lọ ṣe fọ́lọ́ńtíà ní ọsibítù. Kí ni wọ́n máa ní kí n ṣe? Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ aláìsàn? Ṣé wọ́n máa fún mi lówó ọkọ̀?" Àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ẹ ń retí NYSC. Àwọn kan níṣẹ́, àmọ́ ẹ ní ọjọ́ kan tó ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fi kún CV wọn, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀.

Èmi náà ti ń lọ sí ọsibítù ìjọba kan ní Mainland níbí fún bí oṣù mẹ́jọ báyìí, gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ẹ máa mọ ìdí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ọ̀rọ̀ òní ò pọ̀. Olùyọ̀ǹda kọ́ ló ń wo aláìsàn sàn. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ wa, iṣẹ́ etí ni, iṣẹ́ ẹnu tó mọ ìgbà tó yẹ kó pa dé sì ni. Ẹni tó bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọ́ọ̀dù ló máa fẹ́ ẹ. Ẹni tí ò bá lè ṣe ìkẹta yẹn, kó jọ̀ọ́, kó jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Yábà ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì lọ́dún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún yẹn, ọkùnrin kan, Patrick Sawyer, gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà, Ebola sì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù First Consultant ní Obáléndé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ takú, wọ́n ní kò ní jáde, láìka bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ wọn sí. Àwọn dókítà ọsibítù ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò náà. Ọsibítù Mainland ní Yábà, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní IDH, ni wọ́n wá kó àwọn tó ní àrùn náà lọ. Ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìjọba ní láti máa wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn láti wọlé síbẹ̀.

Nígbà tí àjọ WHO fi máa kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà, ènìyàn 20 ló ti kó o, 8 sì kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn, ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ló kú.

Kí ló dá a dúró? Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ẹ máa rò pé dókítà kan rí oògùn kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn rìn. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó bá ti súnmọ́ aláìsàn rí, ó tó nǹkan bí 900 ènìyàn. Wọ́n ń lọ sílé wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń yẹ bí ara wọn ṣe gbóná sí wò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ lọ́jọ́ kejì. Tí a bá ka gbogbo ìlọ yẹn pọ̀, ó lé ní ẹgbàá mẹ́sàn-án, ìyẹn 18,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ olùyọ̀ǹda o, ọ̀pọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Àmọ́ ẹ wo irú iṣẹ́ tó gba Èkó là: ìrìn, ìbéèrè, àti pípadà lọ lọ́la. Irú iṣẹ́ tí ẹ máa bá ní ọsibítù náà nìyẹn, àyàfi pé ẹ̀rù tirẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé òbí rẹ̀ lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí sí Igbóbì, tàbí sí jẹ́nẹ́rà èyíkéyìí, mọ ohun tí mò ń sọ. Ibì kan lẹ ti máa gba kàádì. Ibòmíràn lẹ ti máa sanwó. Dókítà á kọ àyẹ̀wò, lábù á wà ní bíúdìn mìíràn, ẹ tún máa kọ́kọ́ padà lọ sanwó. Oògùn wà ní fámásì, fámásì wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ dé. Ọ̀dọ́ tó mọ̀wé gan-an máa sọnù níbẹ̀. Ẹ wá ro ti màmá ẹni àádọ́rin ọdún tó ti Mushin wá pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, tí ẹnì kan sọ fún pé "Ẹ lọ sí Room 14," tí ò sì na ìka síbì kankan.

Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ìka yẹn. Ẹ máa mú màmá lọ, ẹ máa bá wọn gbé fáìlì, ẹ máa bá wọn di àyè mú lórí ìlà kí wọ́n lè jókòó. Ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹ máa to ìwé sórí tábìlì. Tí ẹ bá gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta, góòlù ni yín. Dókítà lè má gbọ́ Ègùn, bàbá tó wà níwájú rẹ̀ lè má gbọ́ Òyìnbó. Tí wọ́n bá ní kí ẹ túmọ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́, ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ nínú rẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ kó rọ bàbá lọ́rùn.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, tí ò ní yọ̀. Ẹ jẹun kúrò nílé. Ẹ mú omi dání. Ní ti owó ọkọ̀, ẹ má retí rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fún yín, ẹ dúpẹ́. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ oṣù kan kí ẹ tó ṣèlérí pé ẹ ó máa wá. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ò ní yẹ̀ dára ju ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ ó ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pòórá. Ẹ má sì dúró de Sátidé nìkan. Ọ̀pọ̀ kíláíníkì kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ ni èrò ń pọ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Tí ẹ bá ti fi báàjì kọ́ ọrùn báyìí, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní dókítà. Ó máa ń dùn létí, mi ò ní purọ́. Ẹ dáhùn kíákíá: "Màmá, èmi kọ́ ni dókítà o, olùyọ̀ǹda ni mí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pe nọ́ọ̀sì." Ẹ má ka èsì àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ pé oògùn tí wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n yín ló jọ ọ́. Kódà omi lásán, tí aláìsàn bá ní kí ẹ bá òun bu omi wá, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ yẹn. Tí oúnjẹ tàbí omi bá wà níkùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi oògùn gbé e sùn, ó lè bì, kí èébì náà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ife omi kan tí ẹ fi àánú bù lè pa èèyàn.

Ó kan etí.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ jù ni àkókò. Àkókò tó gùn. Ní ọsibítù egungun bíi Igbóbì, ibi tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì fún ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa, èèyàn lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ á wà lókè, ojú á wà ní síìlì. Ọlọ́kadà tó forí gbá bọ́ọ̀sì, ọmọ tó já bọ́ láti orí dẹ́kíǹ. Ara wọn ò gbóná, wọn ò kú, wọ́n kàn wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí mo máa ń jókòó tì kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn rárá. Ohun tó fẹ́ ni kí n bá òun wo bí Arsenal ṣe gbá bọ́ọ̀lù, ká sì jọ ṣépè fún rẹfirí. Ìtọ́jú nìyẹn náà.

Ẹ má ṣèlérí ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni. "Kò sí nǹkan kan, ẹ máa lọ sílé lọ́la" máa ń yá wa lẹ́nu, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń kó ìtìjú bá wa. Àmọ́ aláìsàn mọ ara rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora" tó. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbàdúrà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Àwọn kan fẹ́, àwọn kan ò fẹ́, ẹ̀sìn wọn sì lè yàtọ̀ sí tiyín.

Tó bá jẹ́ ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Yábà lẹ fẹ́ lọ, èyí tó ti wà láti ọdún 1907, ẹ fi ẹ̀fẹ̀ "Yaba Left" sílẹ̀ ní gééètì. Gbogbo wa la ti fi rẹ́rìn-ín rí. Ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà kó tó di aláìsàn, ìdí tó fi pẹ́ kó tó wá gba ìtọ́jú sì lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn gan-an.

Wọ́n máa tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹ máa rí ìyá tí wọ́n kọ oògùn fún ọmọ rẹ̀, tí ò ní ìdajì owó rẹ̀ lọ́wọ́. Tí ẹ bá fún ẹnì kan, ẹni mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò sì ní lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ torí ojú á máa tì yín. Ẹ bèèrè ibi tí ọ́fíìsì Medical Social Services wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé. Àwọn ọsibítù ńlá ìjọba ní i. Iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni láti yẹ ọ̀rọ̀ aláìní wò, kí wọ́n sì wá bí wọ́n ṣe máa ràn án lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń rí owó. Síbẹ̀, ẹ mú ìyá náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má kàn na ọ́fíìsì sí i. Ẹsẹ̀ ni mo ní ó jẹ́, àbí?

Ọjọ́ kan á dé tí ẹ máa wọ wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa ń kọ́kọ́ yà sí á ṣófo, wọ́n á ti tẹ́ ẹ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ìkọ̀kọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ rò. Tó bá jẹ́ ìyẹn, ẹ jáde síta díẹ̀, ẹ mí, ẹ pe ẹni tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ẹbí tó ń bọ̀ pẹ̀lú fúláásìkì. Dókítà ló máa sọ ọ́.

Ó wá kan ẹnu. Lásìkò tiwa yìí, fóònù ló jọba lé ẹnu.

Fídíò ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ bí iná wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí nínú kámẹ́rà. Oṣù mẹ́jọ, mi ò tíì ya fọ́tò kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ẹni tó kàn mọ̀. Olùyọ̀ǹda kan ya fídíò ara rẹ̀, ó wọ báàjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sí i pé inú òun dùn láti sin aráàlú. Ó gbé e sí status WhatsApp. Kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn kíláíníkì tí wọ́n ti ń gba oògùn HIV hàn, ọkùnrin kan sì jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọkùnrin náà rí status yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́.

Ọkùnrin náà ò wá gba oògùn rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí ẹni tó ní HIV máa lo oògùn yẹn, òun ló ń jẹ́ kó máa gbé ayé rẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ pè é títí. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé ó ti gba ìtọ́jú rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ọkọ̀ méjì ló ń wọ̀ débẹ̀ báyìí. Fídíò yẹn ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òfin náà wà ńbẹ̀ o. Òfin ìlera Nàìjíríà tọdún 2014, abala 26, sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí: ìtọ́jú tó ń gbà, ipò tí ara rẹ̀ wà, àti pé ó wà ní ọsibítù pàápàá. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò gidigidi. Nítorí náà, kò sí fọ́tò, kò sí fídíò, kò sí "ẹ wo ẹni tí mo rí lónìí" nínú group chat. Tí ẹ bá rí aládùúgbò yín níbẹ̀, ẹ kí i tó bá kí yín. Tí ẹ bá délé, ẹ ò rí i. Ẹ má sọ fún ìyá yín. Ìdí nìyí tí mi ò fi dárúkọ ọsibítù tí mò ń lọ: oṣù mẹ́jọ kò pọ̀, Mainland ò sì tóbi.

Ní báyìí, ẹ tọ́jú ara tiyín náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún un láàárín oṣù mẹ́fà, torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, tàbí kí ẹ fi sanitáísà pa á fún 20 sí 30, kí ẹ tó súnmọ́ aláìsàn àti lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ikọ́ ife wà, ẹ béèrè ìbòmú kí ẹ tó wọlé. Tí abẹ́rẹ́ bá wà nílẹ̀, ẹ má mú un, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Tí abẹ́rẹ́ bá gún yín pẹ́nrẹ́n, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tó ń dènà HIV, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ má tìtorí ìtìjú dákẹ́. Tí ara yín bá ń gbóná tàbí ẹ ń wúkọ́, ẹ dúró sílé lọ́jọ́ yẹn.

Báwo lẹ ṣe máa wọlé? Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọsibítù náà. Ẹ kọ orúkọ yín, ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, èdè tí ẹ gbọ́, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ lè wá, àti orúkọ ẹni méjì tó mọ̀ yín. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ Red Cross, ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ti mọ́ṣálásí, tàbí CDS yín wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín láyè láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sá fún un. Tí wọ́n bá gbà yín, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ta ni ọ̀gá mi, ibo ni mi ò gbọ́dọ̀ dé, ta ni mo máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

Ẹ má sì bínú tí wọn ò bá ṣe yín ní kútúkútú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tèmi, bẹ́ǹṣì ni mo ń jókòó lé, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti jápa, ẹni tó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó ya sẹ́lífì, tó sì lọ. Ẹ wọlé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà, kí ni mo lè bá yín ṣe?" Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mátírọ́ọ̀nù ló pè mí: "Ìwọ yìí, o tún wá? Ó dáa, bá mi mú bàbá yìí lọ sí X-ray." Látìgbà yẹn, iṣẹ́ ò tán mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò sì ní àyè rárá, ẹ lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti pé ọdún 18, tí ẹ wúwo tó kílò 50, tí ara yín sì le, ẹ lọ sí báńkì ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Nǹkan bíi páìntì kan ni wọ́n máa gbà. Ẹ ò ní mọ ẹni tó gbà á, kò ní mọ̀ yín, àṣírí ò sì ní tú.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, àmọ́ ẹ má dárúkọ aláìsàn kankan fún wa, torí a ò ní gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín.